Ohun Tí Titus Ní Kí Kọ̀ǹpútà Má Kà Sí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó máa bú u: Titus Morákinyọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kò lè rí nǹkan méjì pa pọ̀ kó má yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n bára mu. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún márùndínlógójì gbáko ló fi jókòó sídìí tábìlì kan nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkìrun, tí wọ́n ń gbé ìwé àfọwọ́kọ sí i lápá òsì, tí wọ́n ń gbé èyí tí wọ́n tẹ̀ sí i lápá ọ̀tún, tí òun ń fi rúlà rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Bí kọ́mà kan bá sọnù, Titus á rí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan. Ó gbé e délé, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́.

Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Bàbá Ó-Bára-Mu. Tó bá fẹ́ wọ kórópe lọ sí Inísà, yóò kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà níwájú ọkọ̀, yóò rìn lọ sẹ́yìn, yóò ka ti ẹ̀yìn. Awakọ̀ á yọ orí síta lójú wíńdò: "Bàbá, ẹ wọlé o jàre! Ọkọ̀ kan náà ni níwájú lẹ́yìn!" Titus ò ní dá a lóhùn títí yóò fi kà á tán. Ká sòótọ́, kò tíì sí ọjọ́ kan tí nọ́ńbà méjèèjì yàtọ̀ síra wọn, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin lẹ ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Adérónkẹ́, tó ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Obìnrin náà ní orúkọ tirẹ̀ o, orúkọ tó dára, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn tí wọ́n ti bí Adérónkẹ́, àkọ́bí wọn, kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà pè é mọ́. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ìyá lágbájá, bàbá lágbájá, ó parí. Ọkọ ń pe ìyàwó ní Ìyá Adérónkẹ́, ìyàwó ń pe ọkọ ní Bàbá Adérónkẹ́, Adérónkẹ́ fúnra rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń jẹun.

Adérónkẹ́ yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó gbé èyí tó gbó fún bàbá rẹ̀, ó sì fi ohun kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé, bí èèyàn bá fún un ní fáìlì méjì, yóò tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì kun ibi tí wọn ò ti bára mu ní pupa. Titus rí i, ó dìde dúró, ó tún jókòó. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú rúlà!" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Kò sí ohun tí kò fi wéra lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi ìwé iná oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Ó fi ohun tí ìyàwó rẹ̀ ní kó rà lọ́jà wé ohun tó rà bọ̀, pupa kún ibẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún un pé òun kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ̀ pé kò ra alùbọ́sà. Èyí tó wá burú jù ni ti Wòlíì Tímótì. Wòlíì yìí ni olórí ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, ìjọ tó ní ẹ̀ka ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, Titus ló sì ń bá a tẹ ìwàásù. Ó fi ìwàásù ìkórè ọdún yìí wé ti èṣí. Ibi méjì péré ló pọ́n: ọdún, àti orúkọ alága. Lẹ́yìn ìsìn, Titus rìn tọ Wòlíì lọ níwájú àwọn àlàgbà, ó fi inú kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: "Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ o, ìwàásù yín bára mu gan-an ni." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Wòlíì kò fi kí i.

Ọ̀rọ̀ òróró ló wá délẹ̀ báyìí. Nínú ìjọ yìí, obìnrin tó bá dàgbà nínú ẹ̀mí ni wọ́n máa ń fi òróró yàn ní Ìyá Àdúrà, tí wọ́n á ta àmùrè aláwọ̀ aró mọ́ ọn nídìí lórí aṣọ funfun rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Adérónkẹ́ ti ń retí àmùrè yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, oyún àbíkẹ́yìn wọn kò jẹ́ kó gbààwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá Titus rọ lápá lẹ́sẹ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, kò ráyè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta nígbà tí ibà dá Titus gúnlẹ̀, ló bá já ààwẹ̀ lọ se àgbo fún un. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ ilé Titus fà á padà. Kò ṣàròyé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, kí wọ́n tó kéde rẹ̀ rárá, ó ti rán aṣọ funfun tuntun, ó fi bébà wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí. Ó ní, "Bàbá Adérónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàìsàn lóṣù yìí." Titus ní òun á gbìyànjú.

Ohun méjì ni obìnrin gbọ́dọ̀ ṣe. Yóò lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Inísà, lẹ́yìn náà yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà ní Òkukù. Wọ́n ń kọ orúkọ ní Inísà, wọ́n ń kọ orúkọ ní Òkukù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé méjèèjì ló máa gba òróró. Ta ni wọ́n wá fún ní iṣẹ́ pé kó fi ìwé méjèèjì wéra? Ṣé mo ṣì ní láti sọ ọ́? Titus dìde nínú ìpàdé, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀, ó ní: "Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ látẹnu mi. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí láyé!" Wòlíì ní kí akọ̀wé kọ gbólóhùn náà sílẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Lọ́dún yìí, Ìyá Adérónkẹ́ ṣe méjèèjì parí, Titus kò sì ṣàìsàn. Ọjọ́ Ẹtì ni fáìlì méjèèjì dé. Titus nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Háà! Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n láti òkè délẹ̀. Kò sí ìlà kan tó bára mu.

Àwọn akọ̀wé ló fà á. Arábìnrin Bùkọ́lá, akọ̀wé Inísà, ọmọ yunifásítì ni, orí fóònù ló ti tẹ tiẹ̀, kò sì lè kọ orúkọ àgbàlagbà kan kó má ṣàdúrà fún un. Báyìí ló kọ ọ́: "Mọ́mì Tẹniọlá (Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn)". Àlàgbà Ayọ̀dèjì, akọ̀wé Òkukù, àgbẹ̀ ni, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ni wọ́n bá a tẹ̀, kì í ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, dandan ni kó kọ ọ́: "1. Ìyá Tẹniọlá * (wọ́n sùn nígbà àdúrà, ṣùgbọ́n wọ́n jí)". Obìnrin kan náà ni o, ipò kan náà ló sì wà nínú ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀?

Titus pe Adérónkẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ pọ́n!"

Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ sọ ohun tí kò ṣe pàtàkì fún un, kó máa fojú fò ó. Ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní rẹ́gúlà ẹsipúrẹ́ṣọ̀n."

"Kí ni?"

"Rẹ́gúlà ẹsipúrẹ́ṣọ̀n, sà."

Ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹnu Titus. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin ó ní Mákàásí lòun máa pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé má kà á sí. Adérónkẹ́ ní kò burú. Ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń kọ síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ ni. Dọ́ọ̀tì kan dúró fún lẹ́tà yòówù kó jẹ́. Ìràwọ̀ tó bá tẹ̀lé e túmọ̀ sí "bó ti wù kó pọ̀ tó". Àmì kan wà fún nọ́ńbà, òmíràn wà fún àkámọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Titus kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tẹ dọ́ọ̀tì kan, ó tẹ ìràwọ̀ kan, ó ní ká kọ́kọ́ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, pupa pòórá! Kọ̀ǹpútà ní fáìlì méjèèjì bára mu porogodo. Titus fò sókè, ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù: "Ó bára mu o! Ó bára mu!" Ó wá fẹ́ dá a wò. Ó fi ìwé Inísà wé ìwàásù Wòlíì Tímótì. Ó bára mu. Ó fi ìwé Òkukù wé ìwé iná. Ìyẹn náà bára mu, kò yàtọ̀ rárá. Ìdùnnú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Nígbà tó tún pe Adérónkẹ́, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Bàbá, ohun tí ẹ sọ fún un ni pé lẹ́tà yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, kó má kà á sí. Kò ka ohunkóhun sí mọ́!"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Titus wí. Ó sì nu gíláàsì rẹ̀.

Ó wá fara balẹ̀. Ó ní kó má ka nọ́ńbà sí, pupa dín díẹ̀. Ó ní kó má ka ìràwọ̀ sí. Ó ní kó má ka àkámọ́ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, àdúrà Bùkọ́lá àti àròyé Ayọ̀dèjì sì ṣí pa pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù. Ó wá ku Mọ́mì, Màmá, Ìyá, Arábìnrin, Mísíìsì. Àwọn akọ̀wé méjèèjì kò lo ọ̀kan náà fún ẹnikẹ́ni. Titus ń tẹ̀ wọ́n sínú Mákàásí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wọlé fún un.

"Bàbá Adérónkẹ́, kí lẹ ń ṣe láti àárọ̀?"

"Mò ń gbá ìdọ̀tí kúrò nínú ọ̀rọ̀."

"Ìdọ̀tí bí irú kí ni?"

"Gbogbo ìyá, ìyá, màmá, màmá yìí."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá ló wá di ìdọ̀tí?" Ó gbé àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó gbé e padà lọ sí ilé ìdáná. Titus kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lọ, torí ní àkókò yẹn gan-an ni pupa tán lójú kọ̀ǹpútà pátá. Orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà ní Inísà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní Òkukù, wọ́n bára mu gẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó ṣẹ́ kù kọ sínú fáìlì tuntun, ó mọ́ tónítóní: Tẹniọlá. Olúwajùwọ́nlọ. Olúwaṣìkẹ́mi. Moyinolúwa.

Ẹ ó ní, ṣé kò rí i ni? Kò rí i. Titus kì í ka ìwé tó bá ń fi wéra. Ó ti di ìlànà fún un láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó bá ń kà á, ìtumọ̀ á gbà á lọ́kàn, kò ní rí kọ́mà. Ìlà ló ń wò, kì í wo ènìyàn. Orúkọ kan ṣoṣo ló dá a dúró, nítorí ojú bàbá ló fi rí i. Ìkejìlá: Adérónkẹ́.

Ó yọ gíláàsì. Adérónkẹ́ kẹ̀? Adérónkẹ́ tó wà ní Ìlọrin, tí kò gun òkè Òkukù láti ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé búrẹ́dì ló ń fi ṣínu kó tó fọ ẹyín? Ta ló kọ orúkọ ọmọ òun síbẹ̀? Bùkọ́lá ni, dájúdájú, wọ́n jọ lọ sílé-ìwé, ó fẹ́ fi ṣe ojú rere fún òun. Inú bí Titus. Ọdún márùndínlógójì nídìí iṣẹ́ ìjọba, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òun sínú ìwé kan rí, ṣé lọ́jọ́ ogbó ni wọ́n á wá máa sọ pé Titus fi ọmọ rẹ̀ jẹ Ìyá Àdúrà? Ó pa á rẹ́. Ó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó fi ránṣẹ́ sí Wòlíì Tímótì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun dà.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péjọ sí Ìkìrun, aṣọ funfun kún inú ilé títí dé ìta. Ìyá Adérónkẹ́ jókòó ní ìlà kejì pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ni Màmá Jemima dúró, àgbà obìnrin tó ń ta àmùrè, àmùrè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì wà lápá rẹ̀, iye àwọn tó gun òkè. Wòlíì Tímótì gbé ìwé Titus sókè. "Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó bọ́ síwájú, kó kúnlẹ̀. Tẹniọlá!"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé: "Èmi nìyí, sà!" Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin kan jáde wá tòun ti bisikíìtì lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. Wòlíì wo ìwé, ó wo ọmọ, ó tún wo ìwé. Ó jọ pé ó rò pé Ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀, torí ó ní, "Ọlọ́run kì í wo ọjọ́ orí. Hálelúyà?"

"Hálelúyà!"

"Olúwajùwọ́nlọ!"

Ọkùnrin tó dìde lẹ́yìn, àwọn tó ń gba Òkukù kọjá á mọ̀ ọ́n, òun ló ń lẹ táyà létí títì. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ yìí, bí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn níwájú pẹpẹ, kì í jiyàn. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá Jemima fa àmùrè yọ, ó gbìyànjú láti ta á mọ́ ọn nídìí, kò yí i ká. Wòlíì ti la ẹnu kó tó ronú, torí ó ti há àdúrà náà sórí: "Gba òróró yìí! Láti òní lọ, o di ìyá fún aláìníyàá, ọmú rẹ kò ní gbẹ!"

"Àmín!" ni ọkùnrin náà dáhùn, ohùn rẹ̀ mi ògiri.

Ilé dàrú. Àwọn akọrin ń dì mọ́ra wọn, àlàgbà kan fi ìwé orin bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti àárín àwọn obìnrin ni àgbàlagbà kan ti fò dìde: "Ẹ dúró o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná! Èmi ni mo gbààwẹ̀, ọmọ mi lẹ ń da òróró lé lórí?" Ìyá Olúwajùwọ́nlọ nìyẹn. Gbogbo ojú yí padà, ó dúró lára Titus. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlẹ̀.

Wòlíì Tímótì kò pẹ́ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ọmọ tí mo bá pè, kí ìyá rẹ̀ ló dìde." Gbogbo rẹ̀ sì tò. Ìyá Tẹniọlá jáde, Ìyá Olúwajùwọ́nlọ gba àmùrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, Ìyá Olúwaṣìkẹ́mi tẹ̀lé e, orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kúnlẹ̀. Titus bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Ó ní ó kúkú yọrí sí rere. Wòlíì pe orúkọ ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó ká ìwé náà, ó fi sápò.

Àmùrè kan ṣì wà lápá Màmá Jemima. Ìyá Adérónkẹ́ ṣì jókòó ní ìlà kejì. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò na etí aṣọ tuntun rẹ̀ sórí orúnkún, ó nà án, ó tún nà án.

Titus wo àmùrè náà. Ìkejìlá. Adérónkẹ́. Òun fúnra òun, pẹ̀lú ìka òun! Mẹ́ta àkọ́kọ́, oyún ni, àìsàn ni, ibà ni. Èyí, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ jókòó pa á rẹ́. Ó dìde.

"Wòlíì, ẹnì kan kù."

Wòlíì Tímótì kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwàásù rẹ̀ o, ẹ má tàn yín jẹ. Ó rọra yí padà. "Ṣé orúkọ wọn wà nínú ìwé, Bàbá Adérónkẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà. Èmi ni mo pa á rẹ́."

"Ta ló sọ níbí pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí láyé? Akọ̀wé ń bẹ níjókòó."

"Èmi ni, sà."

Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n Titus kò jókòó. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, òun ló sọ ohun tí kò gbọdọ̀ kà sí fún un. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ìwé bí àwọn akọ̀wé ṣe kọ ọ́ gan-an. Wòlíì wò ó, ó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu òun náà. Bùkọ́lá yọ fóònù: "Mọ́mì Adérónkẹ́, Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn." Àlàgbà Ayọ̀dèjì fa ìwé tirẹ̀ yọ nínú Bíbélì, ó nà án sí Titus. Ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, Bàbá. Ojú mi kò dáa tó tiyín."

Titus kà á sókè. "Kejìlá. Ìyá Adérónkẹ́." Àkámọ́ tẹ̀lé e, ó gùn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Kò tíì kà á rí, nítorí pé ó ti ní kí kọ̀ǹpútà má kà á sí. "Àwọn ló kọ́kọ́ dé orí òkè lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ló ń pọn omi gòkè fún àwọn àgbà tí kò lè rìn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún tó le tó báyìí. Wọ́n ní ojú ọkọ àwọn ni, pé kó má bàjẹ́, torí tí kò bá lè wo ìwé mọ́, wọn ò mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù fún un láyé..."

Kò lè kà á tán. Tẹniọlá kékeré pàápàá mú bisikíìtì kúrò lẹ́nu.

Wòlíì Tímótì mú kálámù. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kí lorúkọ àwọn fúnra wọn, sà? N kò fẹ́ kí wọ́n tún lọ pe ọmọ yín wá láti Ìlọrin."

Titus la ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti ń fi kẹ̀kẹ́ lọ sí Inísà lọ fẹ́ ẹ, tó ń pè é láti ẹ̀yìn ọgbà bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

"Àyìnkẹ́," ló sọ. Ó tún kígbe rẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ kò gbé orí sókè. "Àyìnkẹ́!"

Ó gbé orí sókè. Ó dìde, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kí obìnrin ilé kan ṣe rí níbẹ̀. "Titus," ló wí, láìsí Bàbá, láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀, "ṣé o wá rí mi báyìí?"

"Háà!" ni gbogbo ìjọ wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo rí ọ," ni Titus wí. "Mo rí ọ, Àyìnkẹ́."

Obìnrin náà na aṣọ rẹ̀ kó dọ́gba, ó bọ́ sí àárín ìlà, ó ń lọ síwájú. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ.

"Ẹ nu gíláàsì yín, Bàbá Adérónkẹ́. Omi ti kún un."

Ó lọ kúnlẹ̀, Màmá Jemima sì ta àmùrè tó kù mọ́ ọn nídìí.